Ihò Méjìdínlógún, Ìgbá Mẹ́tàdínlógún

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, ẹ fa àga mọ́ra kí ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá fúnra yín, ẹ̀yin náà lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má fajú ro mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ omi. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ń fa omi látinú adágún ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń fi páìpù gbé e lọ sílé oníkálukú. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri wọn nìyẹn. Ohun tí ojú àwọn ará ìlú ń rí ni pé omi á wá lọ́jọ́ Ajé, kò ní wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á wá yọjú fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́bọ̀ bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Ọ̀gá Àgbà. Tó bá ti kẹ̀yìn, Ẹnu-Ẹ̀rọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí nínú gbogbo ẹ̀rọ omi tó wà nílùú, ẹnu tirẹ̀ nìkan ni kì í gbẹ.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan péré. Wọ́n tún ẹ̀rọ omi kan ṣe níwájú ilé ìwé kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹnu-Ẹ̀rọ ní òun fúnra òun ló máa ṣí i. Wọ́n to àga, wọ́n gbé gbohùngbohùn wá, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹ̀rọ náà lọ́rùn bí ẹni pé òun gan-an ló gba ipò kìíní. Ọ̀gá dìde, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún tàì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "kí ni omi? Mo tún bi yín: kí ni omi? Àwọn kan á ní omi ni omi. Irọ́ gbuu! Omi ni ètò. Omi ni ìran. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, omi ni èmi!"

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi sọ ọ́. Nígbà tó máa fi gé rìbọ́ọ̀nù, omi tó yẹ kó dé àdúgbò náà lọ́jọ́ yẹn ti dé, ó ti lọ. Ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi ti ọ̀gá, ó pọ aáyán kékeré kan jáde, ó sì dákẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún aáyán náà.

Ẹni tó ń ṣíwájú ìpàtẹ́wọ́ yìí ni Akọ̀wé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti le bí ìsàlẹ̀ bàtà nítorí iṣẹ́ tó fi ń ṣe. Bí ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀gá bá sín, òun náà á wá sísín kan ṣe láti ibikíbi tó bá ti lè rí i, kó má baà jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló sín.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ jẹ́jẹ́ títí ìjọba fi yan mínísítà tuntun. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò pẹ́ tó dé tí ìròyìn fi tàn pé Mínísítà fẹ́ràn eré gọ́ọ̀fù, pé ó máa mú igbákejì láàárín àwọn olórí ilé-iṣẹ́, àti pé ó máa ń sọ pé orí pápá ni òun ti ń mọ ìwà èèyàn.

Ẹnu-Ẹ̀rọ gbọ́ "igbákejì", kò gbọ́ ìyókù.

Ọlọ́run sì ṣe é, pápá gọ́ọ̀fù kan wà létí adágún náà, ilé-iṣẹ́ omi ló ni ín. Ihò méjìdínlógún ló wà níbẹ̀, tí èèyàn máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ra bàtà funfun, ṣòkòtò funfun, fìlà funfun, ìbọ̀wọ́ funfun fún ọwọ́ méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan ni àwọn yòókù ń wọ̀ ọ́ sí. Ó ní òun kì í ṣe ọlọ́wọ́ kan. Akọ̀wé gbé báàgì ọ̀pá lé èjìká, ó mú ìwé àti bírò dání, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ka iye ìgbà tí ọ̀gá bá fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbá kan, ó fa ìlà kan.

Àwọn olórí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta jọ gbá a pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n parí, ẹnì kan rí mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ẹnì kejì rí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ẹnì kẹta rí ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ta. Akọ̀wé ka ìlà tirẹ̀, ó ṣí ojú ìwé, ó tún ṣí òmíràn.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́jọ, sà!"

Ẹnu-Ẹ̀rọ wo àwọn mẹ́ta náà pẹ̀lú àánú. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ló wí. "Àwa kan wà tí wọ́n dá ẹ̀bùn mọ́." Àwọn mẹ́ta náà wo ara wọn, wọ́n yára wọ mọ́tò wọn. Ẹ̀rín tí wọ́n rín nínú mọ́tò yẹn, wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan nínú wọn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, aṣọ gbàgàdà kan ti wà níwájú ọ́fíìsì: MẸ́TÀLÉLỌ́GỌ́JỌ! ỌLỌ́RUN MÁA BÁ WA DÁ Ọ̀GÁ SÍ! Gbogbo ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ka mítà wá. Àwọn tó ń tún páìpù ṣe fi páìpù tó ń jò sílẹ̀ kí wọ́n lè wá.

Ìyàwó ọ̀gá kò sí lára àwọn tó wá kí i. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ní ọsibítù ìlú, kì í ráyè jókòó, ká má tíì wá sọ pé ó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló bi í nídìí oúnjẹ.

"Bàbá wọn, kí lẹ kọ sára aṣọ tẹ́ ẹ ta síwájú ọ́fíìsì?"

"Iye tí mo gbá ni! Ẹni tó sún mọ́ mi jù, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún péré ló rí."

"Gọ́ọ̀fù kọ́ lẹ lọ gbá?"

"Òun náà ni."

"Dókítà wa máa ń gbá a. Ó ní ẹni tí iye rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí."

Ọ̀gá dá ẹnu dúró pẹ̀lú òkèlè nínú. "Ta ló ṣe irú òfin yẹn? Níbo ni wọ́n ti ń yin ẹni tó ṣe díẹ̀?"

"Ilé-iṣẹ́ omi ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì bu ọbẹ̀ sí i fún un.

Aṣọ gbàgàdà ti wálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Aago mẹ́wàá, Ọ̀gá Àgbà gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kalẹ̀ láti wádìí ohun tó ń jẹ́ kí iye ọ̀gá pọ̀. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó nínú yàrá tó tutù jù. Wọ́n rí i pé oòrùn ń yọ láti apá tí kò yẹ. Wọ́n rí i pé atẹ́gùn ò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n rí i pé bọ́ọ̀lù náà kéré jù fún ẹni tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ dábàá pé kí wọ́n ṣe ihò tó lè máa rìn lọ pàdé bọ́ọ̀lù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n wá pe Ìyá Oníkoríko láti jẹ́rìí. Màmá yìí ló ń gé koríko pápá náà láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun náà ló mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí omi sí i àti ìgbà tí wọ́n ń tì í. Ó ti rí gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó wọlé pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó kí wọn, ó sì wo ọ̀gá lójú.

"Ṣé òótọ́ lẹ fẹ́ gbọ́?"

"Òótọ́ la fẹ́," ni Ẹnu-Ẹ̀rọ wí, tí èèyàn bá gbà á gbọ́.

"Ó dáa. Ẹ máa ń di ọ̀pá mú bí ẹni tó fẹ́ fún adìẹ lọ́rùn pa. Ọ̀pá ò ní sá lọ, sà. Ẹ dì í mú bí ẹ ṣe máa di ẹyin mú. Kí ọ̀pá sì tó kan bọ́ọ̀lù, ẹ ti gbójú sókè láti mọ ẹni tó ń wò yín. Bí ẹ ò bá wo bọ́ọ̀lù, ibi tó bá wu òun náà ló máa lọ. Ẹ tún wá fẹ́ràn ọ̀pá tó gùn jù, gbogbo ibi lẹ ti ń fi í la igi. Tí bọ́ọ̀lù bá wọgbó, ẹ rọra gbá a jáde sí gbangba, ìgbá kan ló máa ná yín. Ẹ̀yin á ní àfi kẹ́ ẹ gbá a gba àárín igi mẹ́ta kọjá. Igi ò mọ ọ̀gá, sà. Ìgbá méje lẹ fi sílẹ̀ nínú igbó lọ́jọ́sí, mo kà á."

Màmá tún ká ìka kan sí i. 

"Títì kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò, kí ẹ rọra ti bọ́ọ̀lù wọlé, ló ń pa yín jù. Ẹ ò kọ́ ọ rí, nítorí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò sọ pé…"

"Ìwọ màmá yìí!" Ẹ kíyè sí i pé "ìwọ" ló pè é, obìnrin tó lè bí i lọ́mọ. "Ṣé àṣìṣe lò ń sọ? Èmi? Àṣìṣe? Akọ̀wé! Ǹjẹ́ mo ní àṣìṣe?"

Akọ̀wé ṣí fáìlì, ó tú u láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Kò sí níbí, sà."

"O gbọ́! Máa lọ sílé, kó o lọ tọ́jú ojú ẹ. Ọjọ́ tó o bá ríran dáadáa, kó o padà wá ṣiṣẹ́."

Ìyá Oníkoríko yíjú padà, ó lọ. Ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko wà nínú ahéré rẹ̀ létí pápá, ẹnikẹ́ni kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án.

Lọ́jọ́ kejì ni ìwé àṣẹ jáde, pẹ̀lú òǹtẹ̀ mẹ́ta lábẹ́. Ó kà báyìí pé:

"Láti òní lọ, tí ọ̀pá bá fò kọjá tí kò kan bọ́ọ̀lù, atẹ́gùn ni ọ̀gá ń dánwò, a ò gbọdọ̀ kà á. Ìgbá inú kòtò iyanrìn tó wà lórí pápá, iyanrìn ló ni ín. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sínú adágún kò sọnù, ibi iṣẹ́ ló lọ, nítorí gbogbo omi jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ yìí. Bí bọ́ọ̀lù bá sì súnmọ́ ihò tó ogún ìṣísẹ̀, kí ihò gbà pé ó ti wọlé, nítorí ọ̀wọ̀."

Ẹ ò rí i bí oògùn náà ṣe ṣiṣẹ́! Ọ̀sẹ̀ kìíní, iye ọ̀gá já wálẹ̀ láti mẹ́tàlélọ́gọ́jọ sí mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kejì, mọ́kànléláàádọ́rin. Ọ̀gá ń gbá a bó ṣe ń gbá a tẹ́lẹ̀, koríko ń fò, igi ń ké, ṣùgbọ́n ìwé Akọ̀wé ń mọ́ sí i lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ojoojúmọ́ tí iye bá wálẹ̀ ni ọ̀gá ń gbá Akọ̀wé léjìká, Akọ̀wé ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Ó dé mẹ́rìndínlógójì. Ó dé méjìlélógún. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí ọ̀gá gbá a léjìká gan-an, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́, ó fi àwòrán ọ̀gá sí i, ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Mínísítà: Ọ̀GÁ ÀGBÀ PARÍ IHÒ MÉJÌDÍNLÓGÚN PẸ̀LÚ ÌGBÁ MẸ́TÀDÍNLÓGÚN!

Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ fi ìka ṣírò rẹ̀. Irinwó òṣìṣẹ́ ló ka ìwé ìròyìn yẹn, gbogbo wọn ló kí ọ̀gá kú oríire, kò sì sí ẹnì kan tó fi ìka ṣírò. Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Ti Akọ̀wé yìí ò lò tó ogún wákàtí.

Fóònù dún.

"Ọ̀gá Àgbà, Mínísítà nìyí. Mo ka ìwé ìròyìn yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Ẹ ṣeun, mà. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

"Ihò wo lẹ ò gbá bọ́ọ̀lù sí?"

"Mà?"

"Ihò méjìdínlógún, ìgbá mẹ́tàdínlógún. Kódà bí gbogbo ìgbá yín bá ń wọlé tààrà, ihò kan ṣì ṣẹ́ kù. Báwo ni bọ́ọ̀lù ṣe dé inú ẹ̀?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹnu ẹ̀rọ gbẹ. Ó wo Akọ̀wé. Akọ̀wé ń wo àjà.

"Ó… ó wọlé fúnra ẹ̀, mà. Bọ́ọ̀lù náà ti mọ ọ̀nà."

"Ó dáa. Mo fẹ́ wá wo bọ́ọ̀lù yẹn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa gbá a."

Mínísítà sọ fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnu-Ẹ̀rọ ju tirẹ̀ sílẹ̀.

"Akọ̀wé! Kí ló dé tó o fi kọ mẹ́tàdínlógún?"

"Mẹ́rìndínlógún ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, sà. Mo wá ní kí n má ṣàṣejù."

Ẹlòmíì á ti lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíì á ti sáré wá Ìyá Oníkoríko lọ. Ẹnu-Ẹ̀rọ ro ó títí di ọ̀sán, ó sì mú èrò kan jáde: wọ́n máa jẹ́ kí pápá náà tutù yọ̀yọ̀, kó rẹwà débi pé Mínísítà á máa wo koríko, kò ní ráyè ka nǹkan kan. Ó ránṣẹ́ pe Ẹnjinníà tó ń bójú tó páìpù.

"Yí omi sí pápá. Gbogbo ẹ̀. Láti Ọjọ́rú títí di Àbámẹ́ta."

"Sà, tá a bá yí gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, ìlú ò ní rí omi."

"Ìlú ló fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù ni?"

Ẹnjinníà ní kó jọ̀ọ́ kó fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀gá fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdùnnú, nítorí ó fẹ́ràn ìfọwọ́sí ara rẹ̀. Ẹnjinníà ṣe ẹ̀dà ìwé náà mẹ́ta.

Bí omi ṣe lọ nìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn afọṣọ ti ilé iṣẹ́ wọn. Ní ọsibítù, omi inú kẹ́tùlù ni wọ́n fi wẹ ìbejì kan, ọ̀kan wẹ̀, èkejì dúró dè é. Ilé ọ̀gá gan-an kò yọ sílẹ̀: àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ omi fi fọ eyín.

"Bàbá wọn, omi dà?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè lajú, iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀. "Obìnrin mẹ́rin ló ń rọbí lọ́dọ̀ wa. Mi ò rí omi fọwọ́."

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ pàtàkì kan tó jẹ mọ́ ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè."

Ìyàwó rẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Eyín ibẹ̀ funfun, ó sì ń lẹ̀ mọ́ra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Pápá náà rẹwà lóòótọ́, tí èèyàn bá dúró lókèèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kàn án, ó ń dún fọ̀fọ̀fọ̀ bíi tìmùtìmù tó já sódò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni omi fi ṣí, ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n ń tì í sì wà nílé rẹ̀ tó ń tọ́jú ojú. Mínísítà dé pẹ̀lú bàtà àtijọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnu-Ẹ̀rọ dé nínú funfun láti orí dé ẹsẹ̀, Akọ̀wé tẹ̀ lé e, ogún òṣìṣẹ́ sì tẹ̀ lé Akọ̀wé láti máa pàtẹ́wọ́.

Mínísítà gbá tirẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù fò, ó balẹ̀ láàárín gbangba.

Ẹnu-Ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú méjìlá kí Mínísítà káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀pá rẹ̀ tó gùn jù mú, ó fún un lọ́rùn, ó gbójú sókè wo Mínísítà bóyá ó ń wo òun, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ọ̀pá yíká. Bọ́ọ̀lù wà níbi tó wà. Ọ̀pá ló lọ. Ó já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò gba orí àwọn apàtẹ́wọ́ kọjá, ó já sínú adágún, gbìmù!

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Atẹ́gùn ni ọ̀gá ń dánwò!" ni Akọ̀wé kígbe.

"Ọ̀kan," ni Mínísítà wí.

Nígbà tí wọ́n parí ihò méjì àkọ́kọ́, iye rẹ̀ ti di méjìdínlógún. Ní ihò kẹta, ìgbá kọkàndínlógún yí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sínú kòtò iyanrìn. Iyanrìn yẹn ti wà lábẹ́ omi tó dé orúnkún. Ọ̀gá wọ inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìgbéraga, ẹrẹ̀ sì gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìsọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Ní àkókò yìí, awakọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá lójú ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó rí omi tó ń tàn yanran nínú oòrùn. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó nu ojú, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe ń rìn láàárín àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ. Kò tó ìdajì wákàtí tí gbogbo ìlú fi dé, pẹ̀lú garawa, kẹ́ẹ̀gì, abọ́, ìkòkò, àti ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ. Wọ́n gba orí koríko wọlé, wọ́n yí kòtò náà ká, wọ́n ń bu omi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn," ni Onígẹrun kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wí. "Ẹ ń da omi rú mọ́ wa lójú."

"Ṣé o mọ ẹni tí èmi ń ṣe?"

"Ẹni tó dúró sínú omi wa."

Ọ̀gá ò dá a lóhùn. Mínísítà ń wò. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó gbá a: omi fọ́n sí gbogbo ojú, bọ́ọ̀lù ò yọ. Onígẹrun sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀.

"Ìyẹn di ogún!" Ó ti gbọ́ iye náà lẹ́nu Mínísítà. Ọ̀gá tún gbá a. "Mọ́kànlélógún!" Èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tó ń pọnmi ti gbè é: "Méjìlélógún!"

"Ti inú iyanrìn, a kì í kà á!" Akọ̀wé ń fò sókè.

"Iyanrìn dà? Omi la rí," ni Onígẹrun wí.

"Ti inú omi náà, a kì í kà á!"

"Kí ló wá kù tẹ́ ẹ máa ń kà?"

Wọ́n ń kà á lọ. Ó dé ọgbọ̀n, ó dé márùndínlógójì, ohùn wọn ń ròkè bí ohùn àwọn tó ń wo ìje. Ogún apàtẹ́wọ́ náà pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ìgbá mọ́kànlélógójì, ẹsẹ̀ ọ̀gá yọ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, pàá! Funfun tán.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni Akọ̀wé wí.

Ọ̀gá dìde jókòó. Ó rí àwọn èèyàn, wọ́n pọ̀ yí i ká. Ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ni omi?"

Onígẹrun gbé garawa kan sí i níwájú. "Òun rèé, sà."

Ẹ̀rín bú. Nígbà tó rọlẹ̀, Mínísítà béèrè, "Omi yìí, níbo ló ti wá?"

Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tó ti kún, ló dá a lóhùn. "Láti ilé wa ni, mà. Láti ọsibítù. Ọjọ́rú la ti ń wá a."

"Ẹ̀yin ta ni, mà?"

"Èmi ni ìyàwó rẹ̀," ni obìnrin náà wí. Ó wo ọkọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ dìde, ẹ wá bá mi gbé ọ̀kan. Àwọn tó ń rọbí ò lè dúró."

Ẹnjinníà ti ń sún bọ̀ látẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kan. Mínísítà kà á, ó wo ìfọwọ́sí ńlá abẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí Ẹnjinníà lọ yí omi padà sí ìlú lójú ẹsẹ̀. Kò pariwo. Ó kan gbé báàgì rẹ̀.

"Ọ̀gá Àgbà, mọ́kànlélógójì ni mo kà dé, ihò kẹta la sì wà. Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀."

Ọ̀gá gbé kẹ́ẹ̀gì dé ọsibítù pẹ̀lú bàtà kan. Lọ́jọ́ Ajé ni ìwé dé pé kó lọ máa sinmi, Ẹnjinníà sì wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Akọ̀wé ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́fà, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti wà ní sẹpẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa wọ́n pọ̀ ni Ẹnjinníà ní, "Ẹ lọ bá àwọn tó ń ka mítà. Iye tẹ́ ẹ bá rí lójú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ." Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni Akọ̀wé fi ṣàìsàn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Oníkoríko pé kó padà. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti tọ́jú ojú tiwọn, ó sì padà.

Ẹnu-Ẹ̀rọ jókòó sílé. Lóṣù àkọ́kọ́, ó ń bá àwọn àga sọ̀rọ̀. Lóṣù kejì, àwọn àga sú u. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì yìn ín. Ọ̀gá ń pọn omi sínú garawa kí ìyàwó rẹ̀ tó dé, nítorí kò sí ohun mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé báàgì ọ̀pá rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé pápá.

Ìyá Oníkoríko ń da epo sínú ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Ta nìyẹn?" Láìsí mọ́tò, láìsí Akọ̀wé, kò dá a mọ̀.

"Èmi… èmi ni mo jẹ́ ọ̀gá yín tẹ́lẹ̀, mà."

Màmá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lẹ wá ń wá?"

"Àwọn àṣìṣe yẹn, mà," ló wí. Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹ ò tíì kà wọ́n tán lọ́jọ́ yẹn tí mo fi dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu."

Màmá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó di ọ̀pá mú kí òun rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dì í mú láìsí bọ́ọ̀lù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, títì kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò ni, títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Bó bá gbójú sókè, màmá á fi igi ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, kò! Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọgbó, á rọra gbá a jáde sí gbangba, inú á bí i, á sì máa lọ.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbá gbogbo ihò méjìdínlógún, òun nìkan ni. Ó ń kà á sókè fúnra rẹ̀. Ní ihò kẹrìnlá, ó gbé ọ̀pá, ó sì gbá atẹ́gùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹyẹ kan wà lórí igi, kò sì jọ ẹyẹ tó máa sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, ó pẹ́ débi pé ẹyẹ náà fò lọ.

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún," ló wá wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún un wí kó lè dún ketekete.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ ihò tó kẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ màmá.

"Màmá! Mọ́kànlélọ́gọ́fà! Gbogbo ẹ̀ ni mo kà!"

"Ó pọ̀," ni Ìyá Oníkoríko wí. Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó dín."

Ẹnu-Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì la ẹnu. Ìyá Oníkoríko fa okùn ẹ̀rọ rẹ̀, ariwo sì gba gbogbo pápá.

"Ẹ kúrò lọ́nà!" ló kígbe. "Mo fẹ́ gé koríko!"

Ẹnu-Ẹ̀rọ gbé báàgì rẹ̀, ó sì kúrò lọ́nà.